Láti Ìlú Obòkun Dé Igbó Olókun: Ọjọ́ Mẹ́fà Lẹ́nu Ọtí Tí A Fẹ́ Fi Ran Òkun Lọ́wọ́

Ọjọ́ kìíní, Ajé: Ilésà

A gbéra ní Ìbàdàn ní aago mẹ́fà àárọ̀, a gba Ifẹ̀ kọjá láìdúró, a sì ti wọ Ilésà kí oòrùn tó mú. Ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ nìyí: ìkòkò bàbà kan tó gba lítà 120 pẹ̀lú ọrùn rẹ̀, páìpù bàbà tí a ká bí ejò, ike oúnjẹ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 80, tẹmómítà méjì, gíláàsì ìwọ̀n ṣúgà, gíláàsì ìwọ̀n ọtí, aṣọ funfun yáàdì mẹ́fà, àti ìgò 24 tó gba sẹ̀ǹtílítà 70 pẹ̀lú ìdérí onígi wọn. Tánkì omi tó gba lítà 1,000 ti wà ní oko tí a ń lọ, lẹ́yìn ìlú.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro sọ. A ó ra ẹmu ọ̀pẹ lítà 200, a ó sè é lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe ń se ògógóró, kí oru rẹ̀ tutù di ọtí líle, a ó fi èròjà ilé wa mú un ta sánsán, a ó rọ ọ́ sí ìgò, apá kan owó rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òkun àti iyùn inú rẹ̀. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ti wà lókè òkun, tó jẹ́ pé àwòrán ẹja tàbí iyùn ni ojú máa kọ́kọ́ bá lára ìgò. Ohun tí kì í sí lára ìgò ni iye omi tí wọ́n fi tu ọtí náà, ibi tí wọ́n da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí, àti igi tí wọ́n fi dáná. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkun ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ló ń tẹ̀ lé e.

Ilésà jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n Ọwá Obòkun Àdìmúlà ni oyè ọba rẹ̀. Ìtàn ní Ajíbógun ló lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà tó fọ́, ibẹ̀ ni orúkọ Obòkun ti wá. Láyé ìgbà náà, èèyàn ló rin ìrìn-àjò lọ bá òkun. Lónìí, omi Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀ ló ń lọ: odò Ọ̀ṣun ń gba omi agbègbè yìí, ó ń gbé e lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì, ti Lẹ́kì ń wọ ti Èkó, ti Èkó sì ń wọ Àtìláńtíìkì. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wà á láìgba ìwé àṣẹ sì ń fọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ìṣàn. Àwọ̀ Ọ̀ṣun yí padà débi pé ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo pé kí wọ́n má mu omi náà.

Kí a tó dé oko, a dúró létí ìṣàn kan tí wọ́n ń fọ wúrà lókè rẹ̀, a bu omi rẹ̀ kún ọ̀kan nínú ìgò wa, a dé e, a sì gbé e sórí pátákó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní mì ín. Ó rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. A fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà kó tó tòrò.

Ọjọ́ kejì, Ìṣẹ́gun: ẹmu

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dá ẹmu. Àwọn kan a bẹ́ ọ̀pẹ lulẹ̀, wọn a gbẹ́ ihò sí ibi tó tutù lápá orí igi náà, ẹmu á sì máa sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí igi á fi gbẹ. Àwọn mìíràn a fi igbà gun ọ̀pẹ tó wà lóòró, wọn a gé ìdí òdòdó akọ rẹ̀, wọn a so kẹ́ẹ̀gì tàbí akèrègbè mọ́ ọn. Ojú ọgbẹ́ yìí máa ń dí, nítorí náà wọ́n ní láti gùn ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí wọ́n sì fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tún lè sun. Ìyẹn la rà. Ọ̀pẹ kan tó ń mú lítà 2 sí 3 wá lóòjọ́ ti ṣe dáadáa, èyí túmọ̀ sí pé lítà 200 kì í ti ọwọ́ ẹnì kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Adẹ́mu mẹ́fà la bá ṣe é. Àgbà wọn ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bẹ́ ọ̀pẹ lulẹ̀ ti mu ẹmu ọdún tó ń bọ̀.”

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ni wọ́n gbé wá, lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. A mú mẹ́jọ, a dá méjì padà. Omi ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun máa ń ní ṣúgà tó tó 10 sí 12%, gíláàsì ìwọ̀n ṣúgà sì ń sọ èyí láàárín ìṣẹ́jú kan: ẹ̀kán kan sórí rẹ̀, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ka ìlà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ yìí wà láàárín 10 àti 12. Méjì tó kù dùn lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ìlà wọn kò kọjá 5. Omi ni wọ́n fi kún un, wọ́n wá fi sakarín, adùn kẹ́míkà tí kì í ṣe ṣúgà, bo àṣírí. Ẹni tó fẹ́ mu ún lójú agbo lè má mọ̀. Ẹni tó fẹ́ sè é ni yóò sunkún, nítorí kòkòrò ìwúkàrà kì í jẹ sakarín, kò sì sí bó ṣe lè di ọtí. Ẹ má fi ahọ́n ra ẹmu ìsè.

Ohun mìíràn tó ń dín ìlà kù ni òjò. Bí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kò bá ní ewé lórí ọ̀pẹ, òjò òru kan lè bu omi lítà kan sí i, adẹ́mu náà kò sì ní jẹ̀bi olè.

A fi aṣọ funfun sẹ́ ẹmu sínú ike mẹ́ta, torí oyin àti kòkòrò kì í wọ́n nínú rẹ̀. A kò fi ìwúkàrà ìgò kankan sí i. Ẹmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti orí igi, nítorí kẹ́ẹ̀gì adẹ́mu kì í mọ́ tán, ìwúkàrà àná wà lára rẹ̀. Ohun tí a ní láti ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí ike wà lábẹ́ ibòji, kí ìgbóná inú rẹ̀ má kọjá 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí a dé e, kí a sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdérí bọ inú ife omi, kí atẹ́gùn inú lè máa jáde, kí ti ìta má sì wọlé. Kí a má sì jẹ́ kó pẹ́. Atẹ́gùn ìta ni àwọn kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan ń wá. Nínú kẹ́ẹ̀gì tó ṣí sílẹ̀, ẹmu ọjọ́ kejì ti ń kan, ti ọjọ́ kẹta ti ń di ọtí kíkan tí wọ́n ń fi sínú sàláàdì.

Ìgò omi ìṣàn: kò sí ìyàtọ̀, àfi yanrìn díẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú: ìsè kìíní

Àwọn kan kì í dáwọ́ lé nǹkan ní Ọjọ́rú. Ẹmu kò mọ ìyẹn. Ní aago méjìlá ọ̀sán, wákàtí 28 lẹ́yìn tí a dé e, ìhó inú ife omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, adùn ti lọ, ọtí inú rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 5%.

A bu lítà 100 sínú ìkòkò, a fi àyè lítà 20 sílẹ̀. Àyè yẹn ṣe pàtàkì. Ẹmu máa ń hó bí ọṣẹ nígbà tó bá ń gbóná, bí ìkòkò bá kún, ìhó náà á gba ọrùn kọjá sínú páìpù, ohun tó sì máa jáde ní ẹnu rẹ̀ á jẹ́ ẹmu funfun gbígbóná. Bí ó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ fa iná sẹ́yìn. Ṣíbí òróró kan nínú ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń pa ìhó. A kò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ike sí i, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó sì ń jó. Òórùn jíjó kò ṣeé yọ, àní nínú ìsè kejì.

Àárín ìdérí àti ìkòkò la fi ìyẹ̀fun tí a fi omi pò dí. Kò sí bóòtù, kò sí wáyà tí a fi dè é. Tí nǹkan bá dí páìpù, kí ìyẹ̀fun lè já kí ìkòkò má bẹ́. A yàgò pátápátá fún dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé kẹ́míkà rí, àti radíétọ̀ ọkọ̀ tí àwọn kan ń lò dípò páìpù: òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi jó o pọ̀, ọtí gbígbóná sì ń fọ òjé náà bọ́ sínú ife. Bàbà la fẹ́, torí ó ń mú òórùn bí ẹyin bíbàjẹ́ kúrò.

Èèpo ekùrọ́ àti ẹ̀ka igi tó ti kú nílẹ̀ la fi dáná. Ẹmu tó ní 5% ọtí ń hó ní nǹkan bí 95 sí 96. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn wákàtí kan àti díẹ̀, ó sì le tó 50%. Bó ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń dín, a sì dá iná dúró nígbà tí èyí tó ń jáde kò ju 5% mọ́: igi tí a ó jó lẹ́yìn ìyẹn ju ọtí tó kù lọ. Lítà 17, àpapọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 25%. Lítà 5 ọtí gidi ló wà nínú ẹmu náà, a rí lítà 4.25 gbà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró sórí omi tó ń tu páìpù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò. Kí oru lítà 17 yìí tó di olómi kó sì tutù, omi tútù bí lítà 280 ló gbọ́dọ̀ ru ìgbóná rẹ̀ lọ, bí ẹ bá jẹ́ kí omi náà gbóná láti 25 dé 55. Nínú ọ̀pọ̀ ibùdó ògógóró, inú ìṣàn ni páìpù ń gbà kọjá tààrà. Omi ọ̀fẹ́ ni lójú ẹni tó ń sè é, ṣùgbọ́n ẹja kékeré àti ẹyin wọn kò lè gbé inú omi gbígbóná. Tánkì lítà 1,000 la lò, omi kan náà ló ń yí po. Ìsè lítà 100 kan ń mú un gbóná sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí 9. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 25 ni. Lẹ́yìn ìkòkò àkọ́kọ́, 33. Nígbà tí a parí ìkejì ní alẹ́, 41. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nínú ìkòkò kejì, ọtí ẹnu páìpù ti lọ́wọ́ọ́rọ́ dé 38, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àyíká, ìyẹn ni pé owó ń fò lọ. A dín iná kù, ó gba wákàtí kan sí i. Tí tánkì bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ìsè kan lóòjọ́ ló yẹ ẹ́.

Ìkòkò kejì tún fún wa ní lítà 17, ó kan díẹ̀ nítorí pé ẹmu rẹ̀ ti dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìkan náà kò dẹ́rù bà wá: omi kíkan ń hó ní 118, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé ọtí.

Ohun tó kù nínú ìkòkò méjèèjì jẹ́ lítà 166, ó gbóná, ó kan, ó kún fún òkú ìwúkàrà. Bí a bá dà á sínú ìṣàn, àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ inú omi tán kí ẹja tó rí tirẹ̀ mí. Kì í ṣe oró, oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó pọ̀ jù ń pa odò. A jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì, a da eérú ibi ìdáná sí i kí ìkan rẹ̀ rọ̀, a sì wọ́n ọn sórí òkìtì imọ̀ ọ̀pẹ àti ìdọ̀tí oko tó ń jẹrà. Ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò jẹ díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀: ìsè kejì

Omi tánkì ti padà sí 28 láàárọ̀. Lítà 34 tó jẹ́ 25% wọ inú ìkòkò. Inú ọrùn ìkòkò, lókè ibi tí ọtí ń hó, la so àpò aṣọ funfun kan rọ̀ sí, kí oru máa gba àárín èròjà kọjá. Ohun tó wà nínú àpò náà: atalẹ̀ tútù gíráàmù 150 tí a gé wẹ́wẹ́, koriko ọba gíráàmù 60, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ méjìlá, ẹ̀ẹ́rù gíráàmù 10, atare gíráàmù 8, ìyèré gíráàmù 5. Èèpo ọsàn yẹn, ara aláwọ̀ ewé nìkan ni. Funfun inú rẹ̀ korò. Ìyèré tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á bo gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀, ọtí á sì máa rùn bí ọbẹ̀ abiyamọ.

Kò sí èso juniper nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í pè é ní jíìnì. Òfin Yúróòpù ní juniper gbọ́dọ̀ lé téńté nínú jíìnì, ọtí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 37.5%. Àwọn kan lókè òkun ń fi ewéko inú òkun tàbí iyọ̀ sínú ọtí kó lè ní ìtàn òkun. A kò rí ohun tí ìyẹn ṣe fún òkun.

Ìsè kejì ni ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀: iná kékeré, kí ẹnu páìpù máa kán, kó má ṣe dà. A ń gbà á sínú ìgò kékeré sẹ̀ǹtílítà 50, a ń kọ nọ́ńbà sí i. Ife àkọ́kọ́, mílílítà 200, a kò tọ́ ọ wò; òun la fi fọ ìkòkò àti tábìlì. Lítà kan tó tẹ̀ lé e ni orí ọtí, 78%, òórùn rẹ̀ dà bí ohun tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná. A yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà òórùn mímú yẹn lọ lójijì, atalẹ̀ àti ọsàn yọ jáde. Àárín ọtí nìyẹn: lítà 9.25, àpapọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 70%. Nígbà tí ẹnu páìpù wálẹ̀ dé 55%, òórùn aṣọ tútù tí kò rí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìrù ti dé. Lítà 2.4 ìrù la pa mọ́ fún ìsè mìíràn, torí ọtí ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe mọ ibi tí a ó gé e: ẹ bu ṣíbí kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣíbí omi méjì là á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọtí tí kò lómi ń pa imú, irọ́ ló sì ń pa.

Ọ̀rọ̀ methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ oró. Ní 2015, àwọn èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers nítorí methanol inú ògógóró. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó bá da orí ọtí nù ti bọ́, nítorí methanol ń hó ní 64.7, ọtí gidi sì ń hó ní 78.4. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Tí wọ́n bá wà pọ̀ nínú omi, methanol máa ń fọ́n ká gbogbo ìsè, ó ń tẹ̀ lé ọtí láti orí dé ìrù. Ohun tó ń dáàbò bo èèyàn ni pé omi ọ̀pẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí methanol ti ń wá, bí èèpo èso ṣe ní in, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọtí kẹ́míkà kún un. Títaná sí i láti wo bóyá yóò jó búlúù kò fi nǹkan kan hàn. Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ló lè sọ ọ́, ìgò kan sì gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìgò omi ìṣàn, ọjọ́ kẹrin: ìdajì ọmọ ìka gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ṣì pọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún, Ẹtì: Ilé-Ifẹ̀

Ọtí ń sinmi nínú gálọ́ọ̀nù onígíláàsì, aṣọ ló bo ẹnu rẹ̀. A padà wá sí Ifẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 30, fún omi tí a ó fi là á àti fún ọ̀rọ̀ iyùn.

Apá àríwá ìlú ni Igbó Olókun wà. Olókun, alágbára inú òkun, ló ni igbó níbi tí kò sí òkun kankan nítòsí. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, ti wá ní 1910, ibẹ̀ sì ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Ìwádìí tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé Ifẹ̀ ló ṣe gíláàsì yẹn fúnra rẹ̀, kò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ kọ orúkọ Olókun sára ìgò. A fi í sílẹ̀. Orúkọ tó ní ojúbọ kì í ṣe orúkọ ọjà.

Iyùn ọrùn ọba ni ọ̀rọ̀ tó ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù. Iyùn pupa yẹn kì í ṣe ti òkun wa, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ìlú Torre del Greco ní Ítálì sì lókìkí nínú gbígbẹ́ rẹ̀. Ẹranko ni, kì í ṣe òkúta. Ó ń sanra díẹ̀díẹ̀: bí ó bá fi ìdá mẹ́ta mílímítà kan sanra lọ́dún, ọdún 21 ni kí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ tó mílímítà 7. Mílímítà 7 yẹn náà ni òfin Mẹditaréníà ti 2012 fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù tí a lè gé. Láti 2011 ni wọn kò sì ti gbọdọ̀ gé e níbi tí omi kò jìn tó mítà 50.

Lọ́jà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní iyùn níbi ìgbéyàwó jẹ́ ike, gíláàsì, tàbí iyùn funfun tí wọ́n pa láró. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀kán kan á hó díẹ̀ lára iyùn gidi, nítorí ohun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin ló wà nínú rẹ̀; kò ní ṣe nǹkan kan fún ike. Ẹ nù ún kíá, ó ń jẹ ojú rẹ̀. Àwọn ìyá oníyùn kì í fẹ́ kí a ṣe é lójú oníbàárà, ẹ tọrọ gáfárà. Kí òkun wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníke.

Iyùn tó ń kọ́ òkìtì ńlá lábẹ́ omi yàtọ̀ sí ìyẹn. Òun ń gbé níbi tí oòrùn ti ń dé, nítorí ewéko tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, ó sì ń bá a se oúnjẹ. Bí omi bá gbóná ju ti oṣù tó gbóná jù lọ́dún lọ ní ìwọ̀n 1 péré, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewéko náà jáde, á funfun báláú, ebi á sì máa pa á. Ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní 1998, ní 2010, láti 2014 dé 2017, àti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin 2024. Ní Florida, ní oṣù keje 2023, ẹ̀rọ kan ní Manatee Bay ka ìwọ̀n 38.4. Omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló nìyẹn. Àwọn tó ń gbin iyùn níbẹ̀ ń so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ igi tí wọ́n fi páìpù ike ṣe nínú òkun, wọ́n ń jẹ́ kó dàgbà fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní láti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde wá sínú tánkì lórí ilẹ̀.

Ẹni tó bá ra ọtí wa, tó sì béèrè pé níbo ni òkìtì iyùn Nàìjíríà wà, ìdáhùn ni pé kò sí. Iyùn ń fẹ́ omi iyọ̀, tó gbóná níwọ̀n, tó tòrò. Ọya àti àwọn odò yòókù ń da omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ sí etíkun wa láìsinmi. Ẹrẹ̀ ń dí oòrùn, ó sì ń bo ohunkóhun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ àpáta. Iyùn wà ní São Tomé àti Príncipe, ó wà ní Cape Verde. Ohun tí àwa ní ni ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sí iyanrìn Èkó, àti igbó inú omi iyọ̀ létí ọ̀sà tí ẹja ń fara pamọ́ sí.

Ọjọ́ kẹfà, Àbámẹ́ta: ìgò àti owó

Omi tí a fi la ọtí jẹ́ omi tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Omi kànga tó ní irin á mú ọtí dúdú, èyí tó ní ẹfun á sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun funfun jókòó sí ìdí ìgò lẹ́yìn oṣù kan. Láti mú lítà 9.25 kúrò ní 70% wá sí 42%, omi lítà 6.4 la dà sí i. Ẹ ṣe ìròpọ̀, ẹ ó rí 15.65, ṣùgbọ́n 15.4 ló wà nínú gálọ́ọ̀nù. Ẹnikẹ́ni kò jí i mu. Omi àti ọtí máa ń wọ àárín ara wọn ni. Ìdí nìyí tí a fi ń dà á díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá tutù, torí ìpàdé wọn ń mú ìgbóná wá, gíláàsì ìwọ̀n sì ń purọ́ nínú ọtí gbígbóná.

Ìdájí ni a rí i pé ó ṣú díẹ̀ bí omi ẹ̀kọ. Òróró èèpo ọsàn ni: ó ń yọ́ nínú ọtí líle, ó ń yapa bí omi bá pọ̀. A lè gbé e dé 45% kó lè mọ́, ṣùgbọ́n ìgò tó máa jáde á dín. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, èèpo ọsàn mẹ́jọ ni, kì í ṣe méjìlá.

Ìgò 22 kún géérégé. Igi ni ìdérí, bébà ni àmì ara rẹ̀, àtè ẹ̀gẹ́ la fi lẹ̀ ẹ́. A kò ní ṣe é ní ọ̀rá kékeré láé. Yàtọ̀ sí pé NAFDAC ti dáwọ́ fífi orúkọ ọtí ọlọ́ràá tuntun sílẹ̀ láti 2022, ọ̀rá páràgà tí wọ́n bá jù sí gọ́tà Ilésà ń bá òjò lọ sí ọ̀nà kan náà tí omi Obòkun ń gbà.

Ìgò kan lọ sí ilé àyẹ̀wò, 21 ló kù fún títà, wọn kò sì ní kúrò nílẹ̀ kí nọ́ńbà NAFDAC tó jáde. Bí a bá tà á ní 18,000 náírà, 378,000 ni àpapọ̀. Ẹgbẹ́ 1% for the Planet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ń béèrè ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó títà: 3,780 náírà. Kò tó owó ọkọ̀ tó gbé ìgò wálé. Ìdá mẹ́wàá la kọ sára ìgò, 37,800, owó títà ni, kì í ṣe èrè. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn lára ìgòkígò tí ẹ bá rà. Ilé iṣẹ́ tuntun lè lo ọdún mẹ́ta láìjèrè kọ́bọ̀, ìdá mẹ́wàá èrè rẹ̀ á sì jẹ́ òfo tó bófin mu. Ìdajì owó náà á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbin iyùn, ìdajì á dúró ní etíkun Èkó fún ìjàpá.

Ìgò 24 la gbé wá. Méjìlélógún ló gba ọtí. Ọ̀kan ṣófo. Èyí tó kù wà lórí pátákó láti ọjọ́ Ajé. A wọ̀n ọ́n kí a tó di ẹrù: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ ga tó mílímítà 14. A gbé ìwé ìròyìn sí ẹ̀yìn rẹ̀, àkọlé ńlá nìkan ló ṣeé kà.